Èsì: Ẹ má kọ “àkìyọ” sí káàdì aláìsàn

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo ilé.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ìbàdàn dábàá pé kí á máa pe rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn dókítà ń fi sáàárín kíndìnrín àti àpò ìtọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní sítẹ́ǹtì, ní “àkìyọ”, kí àwọn nọ́ọ̀sì tó fẹ́ tẹ káàdì fún aláìsàn ní Àkúrẹ́ níbí sì lò ó. Wọ́n ní à-kì-yọ ni, ohun tí a kì bọ inú tí a sì yọ. Ọ̀pọ̀ yín ti ń pàtẹ́wọ́. Èmi ò lè bá yín pa á.

Ohùn ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n fi sórí “kì” inú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má sì sọ pé ohùn lásán ni, torí ohùn ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ẹ pe “àkìyọ” létí ìyá àgbà kan ní Ọjà Ọba. “A kì í yọ ọ́” ló máa gbọ́! Gbogbo èèwọ̀ tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, “a kì í” ló ṣáájú wọn. Ẹ wá fún un ní káàdì tó ń sọ fún un pé ohun tó wà nínú rẹ̀, èèwọ̀ ni yíyọ rẹ̀.

Ó jọ pé àwọn kan ń jiyàn lórí ohun tí wọn ò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí òkúta bá dí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà láti kíndìnrín wá sínú àpò ìtọ̀, tàbí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, rọ́bà yìí ni wọ́n ń fi síbẹ̀ kí ìtọ̀ lè máa ṣàn. Orí rẹ̀ méjèèjì ká, ọ̀kan nínú kíndìnrín, èkejì nínú àpò ìtọ̀, kó má baà yẹ̀. Irú èyí ti wà láti 1978. Òmíràn ń lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òmíràn oṣù 3, oríṣi kan wà tó lè tó ọdún 1, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò ní ọjọ́ yíyọ tàbí ọjọ́ pípààrọ̀. Bó bá kọjá ọjọ́ rẹ̀, iyọ̀ inú ìtọ̀ á máa lẹ̀ mọ́ ọn títí á fi di òkúta. Rọ́bà á gan, ó lè já sínú, kíndìnrín sì lè kú, nígbà mìíràn láìjẹ́ pé nǹkan kan dun ẹni náà. Ohun tí wọn ì bá fi kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ yọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìla ara, á wá di iṣẹ́ abẹ ńlá.

Ẹ̀yin tí ẹ ní “rọ́bà” nìkan tó, ẹ gbọ́ èyí. Aláìsàn lè ní méjì lára lẹ́ẹ̀kan náà: ti òde tó ń da ìtọ̀ sínú àpò ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àti ti inú tí ojú ò rí. Wọ́n á yọ ti òde kó tó lọ sílé. Bí ẹ bá bi í, á ní “wọ́n ti yọ rọ́bà mi”. Kò purọ́. Orúkọ tí a fún un ló ṣì í lọ́nà. Ní ti “sítẹ́ǹtì”, orúkọ oníṣègùn eyín kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni, Charles Stent, kò sì sọ nǹkan kan fún ẹni tí wọ́n fi í sí nínú. Àwọn bàbá wa tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

“Rọ́bà àdájọ́yọ” ni tèmi. À-dá-ọjọ́-yọ, bí à-fi-ọwọ́-kọ ṣe di àfọwọ́kọ. Arábìnrin wa ará Iléṣà ti ní ilé ẹjọ́ ni òun ń gbọ́ nínú “dájọ́”. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ní àwọn ti dájọ́ ìgbéyàwó, ta ló ń bi í pé adájọ́ wo? Mo fi èdè yìí kọ́ ọmọ ní Àkúrẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì, n kò rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ọjọ́ àti ẹjọ́ dà rú mọ́ lójú bẹ́ẹ̀.

“Ìwé ìtọpinpin” tí ẹ̀gbọ́n pe ìwé tí àwọn nọ́ọ̀sì máa fi ṣọ́ ọjọ́ yíyọ rọ́bà náà kò tọ́. Ọlọ́pàá ló ń tọpinpin, lẹ́yìn tí nǹkan bá ti bàjẹ́. Iṣẹ́ tiwọn nìyí: orúkọ aláìsàn, fóònù rẹ̀ àti ti ẹbí kan, ọjọ́ tí a fi í sí, ọjọ́ tí a máa yọ ọ́, àti àyè kan tó máa ṣófo títí wọ́n á fi yọ ọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹnì kan tí iṣẹ́ náà wà lọ́rùn rẹ̀ á wo àyè tó ṣófo, á pe aláìsàn. Níbi tí kọ̀ǹpútà bá wà, kọ̀ǹpútà lè máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán an létí. Káàdì kan á sì wà lọ́wọ́ aláìsàn, bí káàdì alájọ tó jẹ́ pé àti alájọ àti ẹni tó ń dá àjọ ló mọ ibi tí wọ́n dé. Dókítà lè lọ síbòmíràn, aláìsàn lè pààrọ̀ fóònù tàbí kó gba oko Ìdànrè lọ torí ara ti yá. Ìṣọ́ nìyẹn. “Ìwé ìṣọ́jọ́” ni kí wọ́n kọ sí i.

Ẹ̀gbọ́n tún ní kí àwa ará Oǹdó fi ọ̀rọ̀ dídá sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, torí u là ń fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó yẹ ká fi i bẹ̀rẹ̀, bí “ulé” dípò “ilé”. Èdè àjùmọ̀lò ló sọ u yẹn nù, kì í ṣe àwa la fi kún un. Mo ṣì ń bọ̀ lórí ìyẹn, lọ́tọ̀.

Àwọn nọ́ọ̀sì fẹ́ tẹ káàdì wọn láìpẹ́. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju àdájọ́yọ lọ, kó tètè kọ ọ́ wá, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀. Èyí tí kò bá lámì, n kò ní fèsì sí i.