Diverticulosis àti diverticulitis: ẹ jẹ́ ká pè é bó ṣe rí

Orúkọ Yorùbá mẹ́rin ni àwọn èèyàn ti dábàá fún àìsàn ìfun ńlá tí àwọn dókítà ń pè ní diverticulosis: àpò ìfun, ìpá ìfun, ẹ̀bùrú ìfun, àti àrùn àìjẹ̀fọ́. Mi ò fara mọ́ ìkankan bó ṣe wà, ṣùgbọ́n a lè tún àpò ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí à ń sọ ní orúkọ. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nínú ìfun lọ́hùn-ún, ẹran tó ń fún ìfun pọ̀ ló sì yí i ká. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ní láti la ẹran yẹn kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ awọ, ojú ibi tó gbà kọjá ni ògiri ìfun ò ti lágbára. Bí ìfun bá ń fún ara rẹ̀ pọ̀ tagbáratagbára, awọ inú á gba ojú ibẹ̀ wú yọ síta, bí tíúùbù ṣe ń yọ níbi tí táyà kẹ̀kẹ́ ti fẹ́ ya. Ó sábà máa ń tó mílímítà 5 sí 10, bíi hóró ẹ̀wà. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ìsàlẹ̀ ikùn lápá òsì ló pọ̀ sí jù, torí ibẹ̀ ni ìfun ńlá ti há jù. Ní Japan, apá ọ̀tún ni.

Ẹni tó mú ìpá wá mọ ohun tó ń ṣe, nítorí ohun inú tó gba ibi tó rọ̀ yọ síta náà ni ìpá. Àmọ́ létí ọ̀pọ̀ èèyàn, ìpá ti di ti ọkùnrin. Ìyá àgbà tí wọ́n bá sọ fún pé ó ní ìpá á rò pé wọ́n ń bú òun ni. Ẹ̀bùrú jẹ́ ìtumọ̀ diverticulum, ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùrú máa ń já síbì kan. Eléyìí ò já síbì kankan, ìdí nìyẹn tí ìgbẹ́ fi ń há sínú rẹ̀.

Àìjẹ̀fọ́ ni mo fẹ́ bá fà á jù. Lọ́dún 1971, Denis Burkitt, tó ti ṣe dókítà ní Uganda, àti Neil Painter kọ ọ́ pé àìtó fáíbà (ohun inú ẹ̀fọ́, èso àti ọkà tí inú kì í dà) nínú oúnjẹ ló fa àìsàn yìí, torí ó wọ́pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣọ̀wọ́n ní ìgbèríko Áfíríkà. Òótọ́ wà níbẹ̀: àwọn tó ń jẹ fáíbà dáadáa kì í sábà ní èyí tó ń dunni (diverticulitis). Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ inú ìfun àwọn ará Amẹ́ríkà kan wò nínú ìwádìí tó jáde ní 2012, àpò tó wà lára àwọn tó ń jẹ fáíbà jù ò dín. Ọjọ́ orí wà lára ohun tó ń dá kún àìsàn yìí, sísanra jù wà níbẹ̀, sìgá, ẹran pupa, ìjókòó-sójú-kan, àti oògùn ara ríro bí ibuprofen. Ìwádìí lórí àwọn ìbejì ní Sweden ka nǹkan bí 40 nínú 100 sí ti àjogúnbá. Ewo la fẹ́ fi sọ ọ́ lórúkọ nínú gbogbo wọn? Àní gúgúrú tí wọ́n ti ń kà léèwọ̀ tipẹ́, ìwádìí ọdún 2008 lára ọkùnrin tó lé ní 47,000 dá a láre: àwọn tó ń jẹ ẹ́ jù ni èyí tó ń dunni tún ń mú kéré jù.

Wàhálà àpò ìfun ni pé ó ń dún bí àpò ìtọ̀, bíi pé ara wa ní wọ́n bí i mọ́. Mo kọ́kọ́ rò ó sí “ìfun yíyọ àpò,” àmọ́ ẹlòmíì á rò pé iṣẹ́ abẹ la fẹ́ fi yọ àpò náà kúrò. Ìfun alápò ni mo wá fara mọ́, bí a ṣe ń sọ pé ṣòkòtò alápò: kì í ṣe gbogbo ìfun ló ní in.

Èyí tó bá ń dunni, tó ń mú ibà wá, tí ìsàlẹ̀ ikùn lápá òsì sì ń ro, ìyẹn diverticulitis, ká pè é ní ìfun alápò tó gbinnikún. Ẹ má jẹ́ ká fi orúkọ kan pe méjèèjì. Nínú 100 ẹni tó ní àpò lára ìfun, àwọn tí tiwọn máa gbinnikún ò tó 5.

Ẹ̀jẹ̀ náà ńkọ́? Àpò yìí lè ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀ láìro rárá, jẹ̀díjẹ̀dí la sì máa ń pe ẹ̀jẹ̀ ìdí gbogbo. Ẹni tó bá ń da irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ló yẹ kó sáré lọ, kì í ṣe ìdí agbo jẹ̀dí. Ìfun alápò tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ni kí á máa pe ìyẹn.