Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí àgbéyẹ̀wò GTA V

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kubwa l'Abuja níbí ni mo wà. Mò ń kọ àgbéyẹ̀wò géèmù Grand Theft Auto V (GTA V) fún ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá àdúgbò wa, ojú ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi. Ọ̀dọ́ tó ń gbá géèmù máa kà á, òbí tí ọmọ ń yọ lẹ́nu pé kí wọ́n rà á náà máa kà á.

Apá tó dùn kò ṣòro. Los Santos, ìlú inú géèmù náà tí wọ́n fi Los Angeles ṣe àwòkọ rẹ̀, tóbi, ó sì kún. Bí a ṣe ń ti ara Michael bọ́ sí ti Franklin tàbí Trevor, àwọn ọ̀daràn mẹ́ta tí à ń fi gbá géèmù náà, iṣẹ́ ọgbọ́n gidi ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti há mi lọ́fun ni “By the Book”, ìpele kan nínú géèmù náà. Trevor ń dá ọkùnrin kan tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ lóró, ẹni tó ń gbá géèmù ló sì máa fọwọ́ ara rẹ̀ yan irinṣẹ́: ẹ̀mú tí wọ́n fi ń yọ eyín, iná mànàmáná, omi. Mo ṣàlàyé rẹ̀ kúlẹ̀kúlẹ̀, ó gba gbogbo ojú ìwé. Mo gé e kù sí “ọmọ ọdún 18 sókè ni”, àbúrò mi ní kò sí òbí tó máa ka ìyẹn sí. Òótọ́ ló sọ.

Géèmù ńlá ni lójú tèmi, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọmọ ọdún 12 fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ irú èyí rí, gbólóhùn mélòó ló tó fún ìran yẹn, ṣé ìbẹ̀rẹ̀ ni kí n fi sí ni àbí ìparí?