Lórí “ìfẹ́ èèwọ̀” nínú ìtàn àlẹ̀mọ́ ánímè

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀ o.

Níbi tí a ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún nǹkan wọ̀nyí, ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí a máa pe gbogbo ìfẹ́ tí kò bójú mu nínú ìtàn tí àwọn olólùfẹ́ ánímè (eré àwòrán Japan) ń kọ, pàápàá èyí tí wọ́n kọ láyé 1990 sí 2000, ní “ìfẹ́ èèwọ̀”. Ọ̀pọ̀ yín ti fọwọ́ sí i. Èmi ò tíì fọwọ́ sí i.

Kí n tó débẹ̀, “ìtàn olólùfẹ́” gan-an ń da ọ̀rọ̀ rú. Ṣé olólùfẹ́ tó kàn fẹ́ràn eré ni, àbí olólùfẹ́ tí à ń fẹ́ sọ́nà? “Ìtàn àlẹ̀mọ́” ni màá máa lò: ẹnì kan ti hun ìtàn tirẹ̀, ẹlòmíì wá lẹ tirẹ̀ mọ́ ọn. “Alárinà” tí àbúrò wa mú wá fún ẹni tó ń fi ẹ̀dá ìtàn méjì fún ara wọn dùn mọ́ mi nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alárinà inú òwe máa ń yẹ̀bá bí ìyàwó bá ti mojú ọkọ. Àwọn tiwa yìí kì í yẹ̀bá títí ogún ọdún.

Ó yá, ẹ wo Neon Genesis Evangelion, tí tẹlifíṣọ̀n Japan gbé jáde ní 1995 sí 1996. Ọmọ ọdún 14 ni Shinji, ọmọkùnrin tí ìtàn náà dá lé. Àwọn alárinà kan fi Rei, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń jagun, fún un, bẹ́ẹ̀ ara ìyá Shinji ni wọ́n ti mú ohun tí wọ́n fi dá Rei. Àwọn mìíràn fi Misato fún un, ẹni ọdún 29, ọ̀gá rẹ̀ lójú ogun, tí ọmọ náà tún ń gbé nílé rẹ̀. Ti Rei, èèwọ̀ ni, èèwọ̀ ẹbí pọ́ńbélé. Kò sẹ́ni tó tan ẹnì kejì nínú wọn. Ọmọ méjì tí kò mọ bí wọ́n ṣe jẹ́ síra wọn ni. Ti Misato ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ò pa wọ́n pọ̀ rárá. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé àgbà ló ń pàṣẹ, ọmọ ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Èèwọ̀ kì í wo ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ jẹ ẹ́, àwọn méjèèjì ni wọ́n máa ṣètùtù fún. Tí a bá wá lẹ orúkọ yìí mọ́ irú ọ̀rọ̀ Misato, ọmọ ti di alábàápín nínú ẹ̀ṣẹ̀ àgbà nìyẹn.

Èyí tó le jù lójú mi ni ti Cardcaptor Sakura, ìtàn alàwòrán tí CLAMP, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ayàwòrán ní Japan, ṣe, tó jáde nínú ìwé ìròyìn Nakayoshi láti 1996 sí 2000. Kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Rika wà. Terada, tíṣà kíláàsì wọn, fún un ní òrùka àdéhùn ìgbéyàwó, wọ́n sì yà á bí ohun tó dùn-ún wò. Nígbà tó di ti tẹlifíṣọ̀n ní 1998, wọ́n bù ú kù: ó kù pé ọmọ náà kàn ń wo tíṣà rẹ̀ lójú ìfẹ́. Àwọn òǹkọ̀wé àlẹ̀mọ́ kọ́ ló kọ́kọ́ so wọ́n pọ̀, ìwé ló ṣe é. Àṣà wọn ni láti fi ọjọ́ orí kún ọmọ kí wọ́n tó kọ tiwọn, àmọ́ Terada ṣì ni Terada tó kó òrùka fún ọmọ kíláàsì kẹrin.

Ẹnì kan ti dá “ìbọmọjẹ́” sílẹ̀ fún un. Etí á gbọ́ ọ bí ẹni tó kẹ́ ọmọ lákẹ̀ẹ́bàjẹ́. “Ìtanmọdéjẹ” ni mo mú wá. Kò sẹ́ni tí kò mọ “tan ọmọdé jẹ”: ẹni tó ń tanni hàn, ẹni tí wọ́n tàn hàn, a ò sì ní bi ọmọ pé kí ló gbà fún.

Ibo wá ni èèwọ̀ wúlò? Àwọn ará Japan ní ọ̀rọ̀ kan, jirai, àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Òǹkàwé tó bá sọ pé ìfẹ́ láàárín ẹ̀dá ìtàn báyìí-báyìí ni jirai òun kò bú ẹnikẹ́ni; ó ń sọ pé kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí òun tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó fẹ́ràn Usagi àti ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ Mamoru nínú ánímè Sailor Moon lè má fẹ́ gbọ́ orúkọ Seiya, ẹlòmíì tó nífẹ̀ẹ́ Usagi, sétí. “Èèwọ̀ mi ni”, bí ẹni tí kì í jẹ ẹran ewúrẹ́ ṣe ń wí, láì bá ẹni tó ń jẹ ẹ́ jà.

Èèwọ̀ sì máa ń ṣí kiri. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ apá kẹta Sailor Moon sí Gẹ̀ẹ́sì fún Amẹ́ríkà ní 2000, wọ́n sọ Haruka àti Michiru, obìnrin méjì tó ń fẹ́ra wọn, di ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, kí ọmọdé má baà fura. Ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi ń wora wọn ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n sá fún ohun tí wọ́n kà sí ìtìjú, wọ́n kó sínú èèwọ̀ ẹbí!

“Lẹ́mọ́ọ̀nù” tí wọ́n máa ń kọ sórí ìtàn láyé ìgbà náà, láti ara Cream Lemon, fídíò Japan ti 1984, kò ràn wá lọ́wọ́. Ó ní ìbálòpọ̀ wà nínú rẹ̀, kò sọ láàárín ta ni àti ta ni. (Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sí “ọsàn wẹ́wẹ́”, ẹ jọ̀ọ́, láìmù nìyẹn, ìtàn tó tutù díẹ̀ ni wọ́n ń fi í pè.)

Ẹnì kan bẹ̀rù pé “ìtanmọdéjẹ” á sọ òǹkọ̀wé di ọ̀daràn. Orúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn ni. Ìtàn tí wọ́n ti pànìyàn, ìpànìyàn là ń pè é, a kì í fa ẹni tó kọ ọ́ lọ sí tẹ́ṣàn.

Èyí tó ṣì ta kókó sí mi lọ́wọ́ ni ti Meiling, àfẹ́sọ́nà Syaoran nínú ánímè Cardcaptor Sakura. Ìbátan ni wọ́n, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Òfin Japan gba irú wọn láyè láti fẹ́ra; ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ parí ọ̀rọ̀ náà. Ṣé “èèwọ̀” la máa kọ sí i, àbí “èèwọ̀ lọ́dọ̀ wa”? Ìkejì lèmi fẹ́. Kí àwọn tó ń ṣàkójọ ọ̀rọ̀ dá sí i.