Ápù tí mo fi ń ṣe ìṣirò ọjà ń purọ́ fún mi, èwo ni kí n rà?

ÌYÁ ÌBEJÌ BÓDÌJÀ: Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ìrẹsì, ẹ̀wà àti òróró ni mò ń tà ní Bódìjà, ọdún kẹsàn-án rèé. Ọmọkùnrin kan ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, bàtà rẹ̀ ń dán yinrin, ó ní kí n yé fi ìwé ṣírò owó, pé ayé ti lajú. Ó gbé ápù kan sórí fóònù mi, mo sì ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. Lóṣù tó kọjá, ápù ní mo jèrè 840,000 náírà. Mo yẹ àkáǹtì wò, 112,000 ló kù síbẹ̀! Mo pe ọmọ náà, kò gbé e. Ọkọ mi wá ní èmi ni mò ń ná owó. Èmi tí mi ò rán aṣọ látọdún Àjíǹde! Ẹ jọ̀ọ́, ṣé QuickBooks ni kí n rà àbí Sage? Èwo ni kì í purọ́?

ONÍPÉŃTÌ: QuickBooks ni o, mà. Òun lèmi ń lò. Àmọ́ dọ́là ni wọ́n fi ń gbowó rẹ̀. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lọ́dún 2023, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

AKÁWÓ ÀGBÀ: Sage 50, tí a mọ̀ sí Peachtree nígbà kan, orí kọ̀ǹpútà ló wà. Ẹ lè lò ó láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ṣé ẹ ní kọ̀ǹpútà, mà?

ÀṢÀKẸ́ ALÁṢỌ: Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn pupa lèmi ń lò ní tèmi. Ọjọ́ kan péré ló já mi kulẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ya ojú ìwé méjì, ó fi di àkàrà. Gbèsè ìyá kan ló wà níbẹ̀. Ìyá náà ní òun ti san tipẹ́. Mo wo òróró tó rin ìwé yẹn gbingbin, n kò rí nọ́ńbà kankan kà.

ONÍPÉŃTÌ: Ẹ̀yin mà, èyí tó mọ VAT, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà, ni kí ẹ rà o. 7.5% ni.

AKÁWÓ ÀGBÀ: VAT wo? Ìrẹsì àti ẹ̀wà lásán kì í san VAT. Ẹ má kó ìyá sí wàhálà.

ONÍPÉŃTÌ: Òróró ńkọ́?

AKÁWÓ ÀGBÀ: Oúnjẹ kọ́ ni òróró?

BÀBÁ ALÁÀGBO: Ẹ̀bi yín ni, Ìyá Ìbejì. Ẹni tó wọ bàtà dídán wá sọ́jà, ẹ ò tilẹ̀ bi í pé níbo ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà.

ÌYÁ ÌBEJÌ BÓDÌJÀ: Bàbá, mo bi í. Ó fún mi ní káàdì. Mo bẹ̀ yín, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, kì í ṣe èébú.

AKÁWÓ ÀGBÀ: Ẹ dáhùn eléyìí fún mi. Tí ẹni tó ra àwìn bá wá sanwó, kí lẹ ń tẹ̀ lórí ápù yẹn?

ÌYÁ ÌBEJÌ BÓDÌJÀ: Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀wé ni? Mo parí girama o.

AKÁWÓ ÀGBÀ: Ẹ má bínú, mà. Kí lẹ ń tẹ̀?

ÌYÁ ÌBEJÌ BÓDÌJÀ: "Sale" ni mò ń tẹ̀. Ṣebí owó ni wọ́n kó wá.

AKÁWÓ ÀGBÀ: Ọjọ́ tí wọ́n gbé àwìn ńkọ́?

ÌYÁ ÌBEJÌ BÓDÌJÀ: "Sale" náà ni. Ọjà kúkú kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

AKÁWÓ ÀGBÀ: Áà! Àpò kan ṣoṣo, ẹ ti tà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ápù tí kò ní fún yín lérè tí kò sí níbì kankan. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń gba owó gbèsè lórí ápù yẹn, ó wà. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Èyí tí wọn ò tíì san rárá ńkọ́?

ÌYÁ ÌBEJÌ BÓDÌJÀ: Kò pọ̀. Oníbúkà kan ló gbé àpò ìrẹsì 17.

ÀṢÀKẸ́ ALÁṢỌ: Mẹ́tàdínlógún! Ta ni?

ÌYÁ ÌBEJÌ BÓDÌJÀ: Àbúrò ọkọ mi ni.

ÀṢÀKẸ́ ALÁṢỌ: Ọkọ yín tó ní ẹ̀yin lẹ ń náwó?

ÌYÁ ÌBEJÌ BÓDÌJÀ: Òun ló ní kí n máa kó o fún un. Akáwó, ẹ ní ibi tí wọ́n ti ń gba gbèsè, apá ọ̀tún ni àbí òsì?