Bàbá àgbà mi fi ọmọ sílẹ̀ sí Liverpool ní 1922. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a?

Fọláṣadé, Ìbàdàn
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá tó bí bàbá mi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi láti Èkó sí Liverpool. Ìdí iná ni wọ́n fi í sí, òun ló ń kó èédú sínú iná ọkọ̀. A máa ń gbọ́ fìrìfìrì pé ó fẹ́ obìnrin òyìnbó kan lọ́hùn-ún, pé wọ́n sì bímọ. Nígbà tó yá, ó padà wálé, ó fẹ́ ìyá àgbà mi, kò sì dá ọ̀rọ̀ náà sọ títí ó fi kú. Lọ́dún tó kọjá a tú àpótí páànù rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, a rí fọ́tò kan nínú Bíbélì. Obìnrin kan jókòó, ó gbé ọmọ ọwọ́ lé ẹsẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò pé Maggie àti Rose ni, Pitt Street, 1922.

Bàbá mi ti pé ẹni ọdún 84. Abẹ́ ìrọ̀rí ló ń gbé fọ́tò náà sí báyìí. Ó ní òun ò fẹ́ kú láìmọ ibi tí ẹ̀gbọ́n òun wọlé sí.

Mi ò mọ orúkọ ìdílé Maggie. Akíndélé ni bàbá àgbà ń jẹ́, mo sì ti tẹ Akíndélé títí ọwọ́ ń ro mí, mi ò rí nǹkan kan. Owó ọkọ̀ òfuurufú ò sí o.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Fọláṣadé, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ bá mi kí bàbá.

Ẹ má wá Akíndélé mọ́. Akọ̀wé òyìnbó tó ń forúkọ ọmọ sílẹ̀, ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́ ló máa kọ. Ẹ lọ sí FreeBMD, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló tẹ atọ́ka ìbí, ìgbéyàwó àti ikú ti England àti Wales síbẹ̀, láti 1837 tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ẹ kọ Akin, kí ẹ fi àmì ìràwọ̀ tì í lẹ́yìn, kó lè kó gbogbo orúkọ tó bá bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá. Ẹ fi Rose sí i, 1921 sí 1923. Láti oṣù keje 1911 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ ìdílé ìyá sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ, ibẹ̀ lẹ ó ti mọ ilé tí Maggie ti wá. Ẹ má sì fi mọ sí Liverpool nìkan, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú yẹn ló wà lábẹ́ West Derby, àgbègbè ìforúkọsílẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí 8b, tíí ṣe nọ́ńbà ìdìpọ̀ ìwé, níwájú nọ́ńbà ojú ìwé, ẹ ti dé àdúgbò nìyẹn.

Bí wọn ò bá tíì ṣègbéyàwó nígbà tí wọ́n bí i, ó lè jẹ́ orúkọ ìdílé ìyá ló ń jẹ́.

Dámilọ́lá, Leeds
Ẹ̀gbọ́n, bó bá di ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí, ọ̀dọ̀ GRO tíí ṣe ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú ìwé ìbí, ìgbéyàwó àti ikú ni kí ẹ ti rà á tààrà. Ìkànnì kan gba ju ìlọ́po méjì owó lọ́wọ́ mi, ọ̀dọ̀ GRO kan náà ni wọ́n sì lọ bá mi gbà á. Ó dùn mí gan-an.

Alàgbà Káyọ̀dé, Liverpool
Ọmọ mi, ìwé ìgbéyàwó ni kí o lé, ju ìwé ìbí lọ. Láti 1837 títí di 2021, orúkọ bàbá ọkọ àti ti bàbá ìyàwó, pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Orúkọ ìyá kò sí. Ṣé o rí ohun tí mò ń sọ? Wọ́n á ti bi bàbá àgbà rẹ pé ta ni bàbá ẹ, kí ni iṣẹ́ ẹ̀. Ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lọ́jọ́ náà ń bẹ lórí ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí orúkọ ẹni tó bí bàbá àgbà tèmi, ẹni tí àwa nílé kò mọ̀ ju oríkì rẹ̀ lọ. Wọ́n kọ ọ́ pé àgbẹ̀ ni. Inú ilé ìkàwé ni mo wà, mi ò lè dìde lórí àga.

Ohun kejì: láàárín 1918 sí 1921, ìjọba ṣe káàdì fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òwò, CR10 ni wọ́n ń pè é. Fọ́tò ń bẹ lára rẹ̀. Southampton ni wọ́n kó káàdì gan-an sí, àwòrán rẹ̀ sì wà lórí Findmypast, ìkànnì tí wọ́n fi ń wá ìtàn ìdílé. Má fi orúkọ nìkan wá a, fi Lagos wá a níbi tí wọ́n ti bí i. Bó bá kọlà, wàá rí ilà rẹ̀.

Mo sì fẹ́ kí o mọ èyí. Ní oṣù kẹfà 1919, àwọn èrò ń lé aláwọ̀ dúdú kiri ìgboro níbí. Wọ́n lé Charles Wotton dé etí omi, inú omi náà ló kú sí. Aláwọ̀ dúdú tó ń fi ìyàwó àti ọmọ ṣe ilé ní Pitt Street lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Má yára dá a lẹ́bi. Ìwé orúkọ àwọn èrò tó wọkọ̀ kúrò ní Britain láti 1890 sí 1960 wà, BT 27 ni nọ́ńbà rẹ̀ ní The National Archives, ibi tí ìjọba Britain ń kó ìwé àtijọ́ pa mọ́ sí. Ó ṣeé ṣe kí o rí ọjọ́ tó kúrò àti ẹni tó bá a lọ.

Fọláṣadé, Ìbàdàn
Mo rí wọn o! Akindally ni wọ́n kọ! Rose Akindally, Doyle ni ìdílé ìyá, West Derby, 8b, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ 1922. Mo fi Doyle wá ìgbéyàwó, ó wà níbẹ̀, 1921. Wọ́n fẹ́ ara wọn lábẹ́ òfin. Mo kà á fún bàbá mi, ó ní kí n tún un kà.

Mo ti béèrè ìwé ìgbéyàwó náà lọ́wọ́ GRO. Ẹ̀yin àgbà, báwo ni kí n ṣe mọ ibi tí Rose já sí?

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ọlọ́run ṣeun! Ìkànìyàn 19 oṣù kẹfà 1921 la ó kọ́kọ́ wò, bóyá Maggie ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní 2022, lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń jẹ́ ká wò ó ní Central Library níbí, mo fẹ́ wò ó bóyá ó ṣì rí bẹ́ẹ̀. Èmi á lọ ní Sátidé, ẹ má san kọ́bọ̀.

Ti 1931, iná jó o ní 1942. Wọn ò ka èèyàn ní 1941 nítorí ogun. Nítorí náà, ìwé ìforúkọsílẹ̀ 29 oṣù kẹsàn-án 1939, tí ìjọba fi kọ orúkọ àwọn ará ìlú sílẹ̀ nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, ló kù tí a ó gbára lé. Èyí sì dára fún yín púpọ̀ torí pé obìnrin ni Rose: wọ́n ṣì ń lo ìwé náà lẹ́yìn ogun, bí obìnrin bá lọ sílé ọkọ, wọn a máa kọ orúkọ tuntun sórí ti àtijọ́. Bí a bá rí orúkọ ọkọ, a ti rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ.

Dámilọ́lá, Leeds
Ẹ̀gbọ́n, bí ẹnì kan bá lè gbé ìgò àyẹ̀wò DNA, tí wọ́n fi ń wá ìbátan, wá sílé fún yín, bàbá gan-an ni kó tutọ́ sí i, kì í ṣe ẹ̀yin. Ọmọ Rose àti bàbá á jọ ní bí 12 nínú ọgọ́rùn-ún DNA wọn. Tiyín á kéré sí i.

Fọláṣadé, Ìbàdàn
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ìyá Ìbejì, bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kí n bi yín: ìwé 1939 yẹn, ṣé wọ́n kọ ọjọ́ ìbí sí i? Ó fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Wọ́n kọ ọ́, bàbá. Ọjọ́, oṣù àti ọdún. Ẹni tí kò bá tíì pé 100 ọdún tí wọ́n bí i ni wọ́n máa ń bo orúkọ rẹ̀ nínú ìwé náà. Ti Rose ti kọjá bẹ́ẹ̀.