Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n gbé igbá tí ọkùnrin yìí fín síwájú àbúrò mi?

Ìyá Ìyàwó, Ọ̀yọ́:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí ọjọ́ ìdána ọmọ mi tó pé. Igbá fínfín mẹ́fà ni ìyá mi tó ti kú fi sílẹ̀ nínú àpótí. Ó rà wọ́n nígbà tí mo wà ní ọmọge, kí a lè fi gbé ẹrù ìgbéyàwó tèmi. Wọ́n ti pupa rúsúrúsú bí oyin báyìí. Ọmọ mi rí wọn, ó sì ní àwọn ni òun fẹ́ kí wọ́n gbé wọlé níwájú àwọn àna, kì í ṣe abọ́ oníke tí gbogbo ayé ń rà.

Ọkùnrin tó fín wọn gbajúmọ̀ púpọ̀ nígbà ayé rẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi àbúrò mi ọkùnrin sí láti kọ́ṣẹ́ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 11. Lọ́jọ́ kan, ọ̀bẹ yẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ba igbá kan jẹ́, ọ̀gá náà sì fi igi lù ú lọ́wọ́ ọ̀tún títí egungun fi ṣẹ́. Títí di òní, àtàǹpàkò rẹ̀ kò ṣeé ká. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀gá náà kú, èrò pọ̀ níbi ìsìnkú rẹ̀, wọ́n ń ki ọwọ́ rẹ̀. Ìyá mi kò gbé àwọn igbá náà jáde mọ́ láti ọjọ́ tí ọwọ́ yẹn ti ṣẹ́, kò gbé wọn jáde níbi ìgbéyàwó mi pàápàá, ṣùgbọ́n kò tà wọ́n, n kò sì mọ ìdí.

Àbúrò mi yóò jókòó níwájú lọ́jọ́ ìdána. Ṣé a lè ya iṣẹ́ ọwọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ṣe é, àbí ẹni tó ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́ ni mò ń yìn lójú rẹ̀?

Bàbá Tíṣà, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ kú ìmúra, ìyá wa. Ní ọdún 1606, ayàwòrán ará Ítálì tí ń jẹ́ Caravaggio pa ọkùnrin kan níbi ìjà ní ìlú Róòmù, ó sì sá lọ. Àwòrán tó yà nípa Mátíù mímọ́ ṣì wà nínú ilé ìjọsìn San Luigi dei Francesi ní ìlú kan náà, àwọn èèyàn sì ń wọlé lọ wò ó lójoojúmọ́ láìfọwọ́ sí ìpànìyàn. Ẹ gbé igbá yín jáde. Igbá kò lu ẹnikẹ́ni.

Agbẹjọ́rò, Ọ̀yọ́:
Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bàbá, ó ti lé ní 400 ọdún. Ẹni tó kú yẹn kò ní ìbátan kankan tí yóò bá yín jókòó wo àwòrán náà. Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ ìyá wa ni ti Wagner, olórin ará Jámánì tó tẹ ìwé ìkórìíra sí àwọn Júù jáde ní 1850, tí àwọn Násì, ẹgbẹ́ Hitler, sì gbé orin rẹ̀ gẹ̀gẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Kò sí òfin tó de orin náà ní Ísírẹ́lì, ṣùgbọ́n nítorí àwọn tó yè bọ́ nígbà tí àwọn Násì pa àwọn Júù ní ìpakúpa, wọn kì í sábà ṣe é ní gbangba. Nígbà tí Daniel Barenboim, olùdarí ẹgbẹ́ olórin, fẹ́ darí orin Wagner ní Jerúsálẹ́mù ní 2001, ó kọ́kọ́ bi àwọn tó jókòó bóyá wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ. Wọ́n jiyàn fún ìgbà pípẹ́, àwọn tí kò fẹ́ sì dìde jáde. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ó béèrè. Àbúrò yín kò ní lè dìde jáde níbi ìdána ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́:
Ìwà lẹwà. Ẹni tó ṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò lè wù mí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà nínú àpótí.

Ọmọ Afíngbá, Ọ̀yọ́:
Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ìwà tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ju ìṣesí èèyàn lọ. Ó tún jẹ́ wíwà ohun náà gan-an, bí ó ṣe yẹ kí igbá jẹ́ igbá. Igbá lè ní ìwà tirẹ̀ kí ẹni tó fín in má ní. Ohun mìíràn tún wà. Nílé wa, ọmọ iṣẹ́ ló ń ha ẹ̀yìn igbá, òun náà ló ń fín àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí etí rẹ̀ ká, kí ọ̀gá tó wá fín ẹyẹ àti alángbá sí àárín. Orúkọ ọ̀gá nìkan ni ìlú ń pè. Ìyá wa, ẹ ń bi wá léèrè iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kan. Ṣé ó dá yín lójú pé ọwọ́ ẹni kan ṣoṣo ló wà lára wọn?

Ìyá Ìyàwó, Ọ̀yọ́:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo gbé igbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tọ àbúrò mi lọ lálẹ́ àná. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí, n kò bi í nípa ìsọ̀ náà rí, ojú sì tì mí. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ń fi ìka ọwọ́ òsì tọ etí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì yọ méjì sọ́tọ̀. Ó ní òun lòun fín ìlà etí àwọn méjì yẹn, àti pé ibì kan wà tí ìlà náà wọ́ díẹ̀ tí ọ̀gá kò rí. Ó fi hàn mí. Ó ní ìyá wa mọ̀.

Ó ní kí ọmọ mi gbé méjì yẹn, kí n kó mẹ́rin yòókù padà sínú àpótí, kí n sì bá alága ìjókòó sọ̀rọ̀ kó má ki ọ̀gá náà. Mo ti pe alága láàárọ̀ yìí. Abọ́ oníke la ó fi gbé ẹrù tó kù.