Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá Ọlọ́run ni mo fi ẹ̀yìn tì, tàbí owó tí mo fi pamọ́?

Aláṣọ Balógun:

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín. Léèsì àti àǹkárá ni mo ń tà ní ọjà Balógun ní Erékùṣù Èkó, Yaba ni mo ń gbé, mo sì ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa fún ọdún mẹ́rìnlá. Mo ní owó díẹ̀ ní báńkì, mo ń dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ ọjà wa, mo sì ti ra ilẹ̀ kan sí ọ̀nà Ìbẹ̀jú. Mo ń san ìdámẹ́wàá mi, n kì í sì í pa ìsìn jẹ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ilẹ̀ tó mọ́, mo na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí mi. Bíbélì àti fóònù ló wà níbẹ̀, fóònù ni mo mú. Kí n tó sọ pé, “Olúwa, mo dúpẹ́ tí mo jí,” mo ti ṣí àkáǹtì mi, mo ti wo iye tó kù síbẹ̀, àyà mi sì balẹ̀. Ìbàlẹ̀ àyà yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù títí di òní, nítorí mo wá rántí pé ní àwọn ọjọ́ tí iye náà bá lọ sílẹ̀, ẹnu mi kì í gba àdúrà rárá. Bí mo bá kúnlẹ̀, ìṣirò ni mo ń ṣe. Ọ̀rọ̀ Jésù nínú Máttíù orí kẹfà, pé ẹnikẹ́ni kò lè sin Ọlọ́run àti mámónì, ìyẹn ọrọ̀, pọ̀, kò yé mi tó báyìí rí.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé kí n tú gbogbo ohun tí mo ní ká ni, bí Olúwa ti sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́rọ̀ nì? Ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ wa méjì sì wà ní yunifásítì. N kò fẹ́ dán Ọlọ́run wò, n kò sì fẹ́ máa fi ẹnu lásán pè é ní ibi ìsádi mi.

Baba Ẹ̀bútẹ̀ Mẹ́tà:

Arábìnrin mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ẹ tún Lúùkù orí kejìlá kà. Ọlọ́rọ̀ tí Jésù fi pa òwe níbẹ̀ kò jalè, kò sì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ilẹ̀ rẹ̀ ló so èso púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí bí ó ti ń sọ̀rọ̀: àká mi, èso mi, ọkàn mi. Kò bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, kò bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ nìkan ló ń dá sọ̀rọ̀ fún, tí ó ń sọ fún ọkàn rẹ̀ pé kí ó sinmi nítorí ọrọ̀ ọdún púpọ̀ ti wà nílẹ̀. Ibi tí ó ti ṣìnà nìyẹn. Orí àká ló ní kí ọkàn lọ sinmi sí.

Gbogbo wa ní Èkó la rí irú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Kí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó dájọ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún náà, ẹni tó ní owó àti ẹni tí kò ní jọ ń tò sórí ìlà kan náà ni. Èmi náà jókòó sórí òkúta níwájú báńkì kan láti aago márùn-ún ìdájí. Owó ìfẹ̀yìntì mi wà nínú àkáǹtì, n kò sì rí 200 náírà fi wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá padà sílé. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ ní Òyìngbò ló ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín fún mi láwìn fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, tí kò sì bi mí ní ìgbà tí màá san án.

Ìgbà yẹn ni mo mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin ohun tí a fi ọwọ́ mú àti ohun tí a fi ẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá gba ohun tí èèyàn fi ọwọ́ mú, ọwọ́ ló máa dùn ún. Bí wọ́n bá yọ ohun tí ó fi ẹ̀yìn tì, òun fúnra rẹ̀ ló máa ṣubú. N kò rò pé Olúwa ń béèrè pé kí ẹ tú ohun gbogbo ká. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn nítorí pé ẹ̀yìn ló fi ti ọrọ̀ rẹ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún Sákéù, tó fúnra rẹ̀ ní òun fi ìdajì ohun ìní òun fún àwọn tálákà.

Ọmọ Sùúrùlérè:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Baba, ṣùgbọ́n mo bẹ̀bẹ̀ kí a ṣọ́ra. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, wọn kò sì purọ́. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ sọ nínú ìwé kìíní sí Tímótì, orí karùn-ún, pé ẹni tí kò bá pèsè fún ìdílé rẹ̀ burú ju aláìgbàgbọ́ lọ. Mo mọ ìdílé kan tí wọ́n kó owó ilé ọdún méjì sínú àpótí ọrẹ nítorí pé wọ́n sọ fún wọn pé ohun tí ìgbàgbọ́ jẹ́ nìyẹn, tí lánlọ́ọ̀dù sì kó ẹrù wọn síta. Wọn kò lọ sí ìjọ kankan mọ́, ó sì ń dùn mí gidigidi.

Lídíà ará Tíátírà, tó ń ta aṣọ elésè àlùkò ní ìlú Fílípì, ṣí ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún Pọ́ọ̀lù àti àwọn tó bá a rìn lẹ́yìn tí ó ṣe ìrìbọmi. A kò kà á níbẹ̀ pé wọ́n ní kí ó pa ọjà rẹ̀ tì. Aṣọ ni òun náà ń tà, arábìnrin.

Ìyá Múṣin:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Ṣọ́ọ̀bù mi jóná ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Nígbà tí mo débẹ̀, òrùlé ti wó lé àwọn aṣọ, omi àwọn panápaná ń ṣàn dúdú lórí títì, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sì wà lọ́wọ́ mi. Mo di kọ́kọ́rọ́ náà mú títí di alẹ́. Ọmọ mi ló tú ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó rí i gbà. Kò sí ilẹ̀kùn tó tún lè ṣí mọ́.

N kò ní sọ fún yín pé mo yọ̀ ní ọjọ́ yẹn. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò lè kọrin. Hábákúkù orí kẹta, níbi tí wòlíì ti sọ pé bí igi ọ̀pọ̀tọ́ kò bá tilẹ̀ yọ ìtànná, tí ẹran sì tán nínú agbo, òun yóò máa yọ̀ nínú Olúwa, tẹkúntẹkún ni mo fi kà á, ó sì pẹ́ kí ó tó di tèmi. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí èèyàn kò bá fi kọ́ra nígbà tí ṣọ́ọ̀bù kún, ó ṣòro láti wá a rí nínú eérú. Ṣáájú iná yẹn, n kì í dín gbèsè ẹnikẹ́ni kù, n kì í sì í ta ọ̀pá aṣọ kan láwìn fún opó. Nísinsìnyí, bí mo bá ti kó owó ọjà jọ ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹni tí n kò lè retí ẹ̀san lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí n tó ka owó náà ni mo ń yọ ọ́, nítorí mo mọ ara mi: bí mo bá ti kà á tán, kò ní tó.

Baba Ẹ̀bútẹ̀ Mẹ́tà:

Ìyá wa, Olúwa yóò máa di yín mú. Iná tí ẹ sọ mú mi rántí Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1862, ṣáájú kí ó tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó níbí, àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tí ó ti ń kó jọ fún ọdún mọ́kànlá sì bá iná náà lọ. Àdánù àwọn ìwé yẹn dùn ún ju ti ẹrù lọ. Síbẹ̀, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ jókòó ti iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì, títí odindi Bíbélì Yorùbá fi jáde ní ọdún 1884. Èkó yìí kan náà ni wọ́n mú un gbà kọjá lẹ́rú nígbà ọmọdé, kí wọ́n tó gbà á sílẹ̀ lórí òkun ní 1822. Ó ti mọ̀ tipẹ́ bí ó ti ń rí kí èèyàn má ní ohunkóhun lọ́wọ́.

Aláṣọ Balógun:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Múṣin sókè sí etí ọkọ mi lẹ́ẹ̀mejì. A kò ní ta ilẹ̀ náà, a kò sì ní fọwọ́ kan owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n oníbàárà kan wà tó jẹ mí ní 85,000 náírà láti ọdún tó kọjá, tí ọkọ rẹ̀ sì ti kú láti ìgbà náà, tí mo ṣì ń pè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti sin owó. Mo pè é lánàá, mo sọ fún un pé mo ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé gbèsè. Ó dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, kí n tó gbọ́ tí ó ń sunkún.

Ní alẹ́, mo gbé fóònù mi sí pálọ̀ kí n tó sùn. Nígbà tí mo jí ní aago márùn-ún, ọwọ́ mi ṣì wá a lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí. Bíbélì ló bà.